Ilẹ̀ Ń Yọ̀: Ta Ló Wọ̀n Ọ́n, Kí Ló Sì Fi Wọ̀n Ọ́n?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi gbogbo. Alága ti sọ fún yín pé iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn ilẹ̀. Mo rí i pé àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò burú. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n rò pé pulọ́ọ̀tì ni mò ń wọ̀n fún àwọn tó ń ra ilẹ̀. Rárá o. Èmi ò bá gígùn àti ìbú lọ. Ohun tí mò ń wọ̀n ni bí ilẹ̀ ilé ṣe ń di bàtà mú: táìlì, fáínẹ́ẹ̀lì, símẹ́ńtì, ilẹ̀ ìdáná, ilẹ̀ balùwẹ̀, ọ̀nà àárín wọ́ọ̀dù. Mo máa ń wọ̀n ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ṣubú, tàbí, bó ṣe máa ń rí jù lọ, lẹ́yìn tí ẹnì kan ti ṣubú tán.

Mo mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ yín ní yàrá yìí ló jẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn kan ń tọ́jú àgbà, àwọn kan ń se oúnjẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn kan ń tún ilé ìwòsàn ṣe lóru nígbà tí a bá ń sùn. Ẹ̀yin lẹ̀ ń rìn jù ní Ìlú Ọba yìí, orí ilẹ̀ tó sì máa ń tutù lẹ ti ń rìn. HSE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́, máa ń kó iye ìpalára tí àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ fi tó o létí jọ lọ́dọọdún. Nínú mẹ́ta tí kò bá mú ikú dání, bí ọ̀kan ló máa ń jẹ́ pé ẹsẹ̀ yọ̀, tàbí ẹsẹ̀ kọ, tàbí ẹni náà kàn ṣubú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Kò sí àkàbà níbẹ̀, kò sí òrùlé. Ilẹ̀ lásán ni.

Nínú ìwé ìjàǹbá tí wọ́n máa ń kọ níbi iṣẹ́, gbólóhùn kan wà tí mo ti kà títí tó fi sú mi: pé ẹni tó ṣubú kò wo ibi tó ń lọ. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀gá tó bá kọ irú gbólóhùn yẹn sínú ìwé ti wo iwájú. Kò bojú wẹ̀yìn láti bi ilẹ̀ léèrè ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ní ìdáhùn, nọ́ńbà sì ni ìdáhùn ọ̀hún. Ohun tí mo bá wá síbí ni pé kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń rí nọ́ńbà yẹn, kí ẹ sì lè mọ èyí tí wọ́n fi ń tàn yín jẹ.

Ẹ jẹ́ ká ti ìrìn bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ síwájú, gìgísẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ara ṣì wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ nígbà yẹn, nítorí náà gìgísẹ̀ ò kàn ń tẹ ilẹ̀ nìkan, ó tún ń tì í síwájú. Bí ilẹ̀ bá dì í mú, ara á gorí ẹsẹ̀, ìrìn á máa lọ. Bí kò bá dì í mú, ẹsẹ̀ á yọ̀ tẹ̀rẹ́ síwájú, ara á ṣubú sẹ́yìn, ìdí tàbí ọrùn ọwọ́ ni yóò sì gba gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gìgísẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa òní dá lé, kì í ṣe ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Ẹ mú agbára tí gìgísẹ̀ fi ń tì síwájú, ẹ fi agbára tó fi ń tẹ̀ sísàlẹ̀ pín in. Fún ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ohun tí ẹ ó rí máa ń wà ní nǹkan bíi 0.2. Iye tí ìrìn ń béèrè nìyẹn. Iye tí ilẹ̀ àti bàtà lè jọ fún un, èyí tí àwọn onísáyẹ́nsì ń pè ní friction, tí èmi yóò máa pè ní ìdìmú, gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ń sáré, ẹni tó ń yí kọ́nà lójijì nítorí pé aláìsàn kan pariwo, ẹni tó ń ti bẹ́ẹ̀dì tí èèyàn wà lórí rẹ̀, gbogbo wọn ló ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gìgísẹ̀ wa máa ń yọ̀ sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì láìjẹ́ pé a mọ̀ rárá. Bó bá ti ń lọ sí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ó ṣòro kí èèyàn tó lè gba ara rẹ̀ mú.

Ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ níbí ń tẹ̀ lé. Bí ìdìmú bá jẹ́ 0.36, ìgbésẹ̀ kan nínú mílíọ̀nù kan ni ẹsẹ̀ lè ti yọ̀ fún ẹni tó ń rìn tààrà. Bó bá wálẹ̀ sí 0.24, ó ti di ọ̀kan nínú ogún. Ẹ wo bí nọ́ńbà ṣe súnmọ́ra tó, kí ẹ wá wo bí ewu ṣe jìnnà síra. Kò sí ojú èèyàn tó lè wo ilẹ̀ kó fi mọ̀ bóyá 0.36 ni tàbí 0.24. Èmi tí mo ń jẹun nínú iṣẹ́ yìí ò lè mọ̀ ọ́n.

Ohun tó tún mú kí ojú tàn wá jẹ ni pé ilẹ̀ gbígbẹ tó mọ́ kì í sábà yọ̀, bó ti wù kó dán tó. Táìlì tó ń kọ mọ̀nà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ lè fi ṣe jígí, ẹ lè rìn lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ bó bá gbẹ. Omi díẹ̀ ló ń yí gbogbo rẹ̀ padà. Bí gìgísẹ̀ bá dé orí ilẹ̀ tó tutù, omi gbọ́dọ̀ sá kúrò lábẹ́ rẹ̀ kí rọ́bà tó lè kan ilẹ̀, àkókò tó sì ní kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ilẹ̀ bá dán, tí ìsàlẹ̀ bàtà náà sì dán, omi ò rí ibi gbà. Yóò há sáàárín wọn, orí omi lẹ ó sì máa rìn. Bí ilẹ̀ bá ní àwọn góńgó kéékèèké, àwọn góńgó yẹn á gún omi náà já, wọ́n á kan rọ́bà. Kékeré tí mò ń wí yìí, kékeré gidi ni. A máa ń fi ẹ̀rọ kan tí kò ju fóònù lọ wọ̀n ọ́n ní máíkírómítà, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Lójú HSE, góńgó ilẹ̀ tí omi lásán máa ń dà sí gbọ́dọ̀ tó máíkírómítà 20. Bí omi bá ti ń ki, iye yẹn ń ga sí i; òróró ń béèrè ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ilẹ̀ kan náà lè dára ní ẹnu ọ̀nà tí òjò ń fọ́n sí, kó sì jẹ́ pańpẹ́ ní ìdáná tí wọ́n ti ń dín ẹja.

Ìyẹ̀fun náà ò gbẹ́yìn o. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi páúdà pa àwọn àgbà lára lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ wo ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn náà.

Wàyí o, báwo la ṣe ń wọ̀n ọ́n? Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Leonardo da Vinci ti wo bí nǹkan ṣe ń ha ara wọn. Onísáyẹ́nsì kan, Guillaume Amontons, gbé òfin tirẹ̀ lórí ìdìmú jáde ní Faransé ní 1699, ará Faransé mìíràn tó ń jẹ́ Coulomb sì tún un wò ní ohun tó lé ní ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà. Òfin wọn dára fún igi àti irin. Rọ́bà ò tẹ̀ lé e dáadáa, bẹ́ẹ̀ rọ́bà ni púpọ̀ nínú wa wọ̀ wá síbí.

Ọ̀nà tó rọrùn jù, tó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, ni kí ẹ gbé nǹkan wíwúwo tó ní rọ́bà nídìí sórí ilẹ̀, kí ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹ fà á, kí ẹ wo agbára tó gbà kó tó mira. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó lè bọ́ sí i. Lórí ilẹ̀ tútù, irọ́ ló máa ń pa. Nǹkan náà ti jókòó jẹ́ẹ́ kí a tó fà á, omi ti ráyè jáde lábẹ́ rẹ̀, rọ́bà ti lẹ̀ mọ́ táìlì. Ìgbà mìíràn wà tí ilẹ̀ tútù á gba nọ́ńbà tó ga ju ti ilẹ̀ gbígbẹ lọ! Ta ni nínú yín tó máa ń dúró jẹ́ẹ́ lórí gìgísẹ̀ kí omi lè jáde kó tó gbé ẹsẹ̀? Ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi lo irú ọ̀nà yìí fún táìlì ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń wá 0.60, kí wọ́n tó fagi lé ìlànà náà, ASTM C1028, ní 2014. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí ń wọn ìdìmú nígbà tí rọ́bà ń rìn lọ lórí táìlì tútù, 0.42 ni wọ́n sì ń wá fún ilẹ̀ inú ilé tó tẹ́jú tí èèyàn lè rìn lórí rẹ̀ nígbà tó bá tutù. Ẹ kíyè sí i: 0.42 tuntun le ju 0.60 àtijọ́ lọ. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n á rò pé wọ́n dẹ okùn ni.

Ní Ìlú Ọba, ẹ̀rọ tí HSE fara mọ́ jù ni pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù tó wà nínú àpótí yẹn. Percy Sigler ló ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1940. Àwọn tó ń ṣèwádìí títì níbí gbà á, wọ́n tún un ṣe láti fi mọ títì tí táyà lè ti yọ̀ nígbà òjò. Láti orí títì ló tún ti padà wọlé. Ó ní apá irin kan tí a máa ń gbé sókè títí yóò fi nà gbọọrọ, tí a ó sì há a síbẹ̀. Rọ́bà kékeré kan wà ní ìdí apá náà, sípíríìnì ń tì í. Mo tẹ bọ́tìnì, apá já, ó fì wálẹ̀, rọ́bà ha ilẹ̀ fún nǹkan bíi mìlímítà 126, apá sì tún fì gòkè lódì kejì. Ilẹ̀ tó di rọ́bà mú ti gba agbára lọ́wọ́ apá náà, kò ní lè gòkè púpọ̀. Ilẹ̀ tó ń yọ̀ ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, á gòkè fìrì. Atọ́ka kan á dúró síbi tó gòkè dé, ibẹ̀ la ti ń ka nọ́ńbà.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó ń ṣe bíi gìgísẹ̀: ó dé lójijì, ó ha ilẹ̀, ó lọ. Omi ò ráyè sá. A máa ń wọn ilẹ̀ ní gbígbẹ, ṣùgbọ́n ti tútù ni ọ̀rọ̀ gan-an. Omi la máa ń fọ́n sílẹ̀ kí apá tó fì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ìfì mẹ́ta àkọ́kọ́, a ò kà á. Márùn-ún tó tẹ̀ lé e la ó kó jọ pín. A ó tún yí ẹ̀rọ sí ọ̀nà mìíràn, títí yóò fi di ọ̀nà mẹ́ta, torí ilẹ̀ kan wà tó ń di bàtà mú bí ẹ bá ń lọ, tí kì í dì í mú bí ẹ bá ń bọ̀. Bí nọ́ńbà bá wà láti 0 sí 24, ewu yíyọ̀ pọ̀. Láti 25 sí 35, ó wà láàárín. Láti 36 sókè, ewu kéré. Ẹ ti rí ibi tí 36 ti wá: 0.36 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni, ti ìgbésẹ̀ kan nínú mílíọ̀nù. Rọ́bà méjì ló sì wà: èyí tó le, tí a ń pè ní 96, dúró fún ìsàlẹ̀ bàtà, èyí tó rọ̀, 55, dúró fún ẹsẹ̀ lásán. Bí ẹnikẹ́ni bá wọn ilẹ̀ balùwẹ̀ fún yín, ẹ bi í pé èwo ló lò.

Àwọn ará Jámánì ní ọ̀nà tiwọn, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Èèyàn gidi ni wọ́n ń lò. Wọ́n á to táìlì sórí pákó kan, wọ́n á da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, wọ́n á fún ọkùnrin kan ní bàtà tí wọ́n yàn, wọ́n á so okùn mọ́ ọn lára láti òkè kó má baà fọ́ lórí, á wá máa lọ síwá sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń gbé pákó náà ga díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti yọ̀ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní dígíríì. Inú ibẹ̀ ni R9, R10, R11, R12 àti R13 tí ẹ ń rí lẹ́yìn páálí táìlì ti wá. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí owó yín ló wà níbẹ̀. R9 kì í ṣe mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Láti orí R9 ni òǹkà náà ti bẹ̀rẹ̀! Òun ló kéré jù. Dígíríì mẹ́fà péré ni táìlì gbọ́dọ̀ dé kí wọ́n tó kọ R9 sí i lára. R10 ń bẹ̀rẹ̀ láti 10, R11 láti 19. Mo ti bá ọlọ́jà tó ń fi ọwọ́ gbá àyà pàdé, pé R9 lòun ní, kò lè yọ̀ láéláé.

Fún ẹsẹ̀ lásán, wọ́n ní òmíràn tí wọ́n fi omi ọṣẹ ṣe, A, B àti C: dígíríì 12, 18, 24. Òun ló kan balùwẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ odò ìwẹ̀. Ní 2021, ìlànà Yúróòpù tó ń jẹ́ EN 16165 kó ọ̀nà mẹ́rin jọ sínú ìwé kan ṣoṣo, ti pákó gíga méjèèjì, pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, àti ẹ̀rọ tó ń fa rọ́bà lọ. Ó kó wọn jọ ni, kò sọ wọ́n di ọ̀kan. R10 ò ní iye kan pàtó lórí pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, 0.42 Amẹ́ríkà ò sì ṣeé yí padà sí R kankan. Ẹni tó bá fún yín ní nọ́ńbà láìsọ ẹ̀rọ tó fi wọ̀n ọ́n, kò tíì fún yín ní nǹkan kan.

Ó ku bàtà. Ẹ̀rọ kan wà tó ń tẹ bàtà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára bíi 500 newton (newton ni wọ́n fi ń wọn agbára), tó sì ń fà á lórí ilẹ̀ ní ìwọ̀n 0.3 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lára bàtà iṣẹ́ tó ti pẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí SRA, SRB tàbí SRC. SRA: wọ́n fi omi ọṣẹ dán an wò lórí táìlì. SRB: gilísárìnì lórí irin. SRC: ó gba méjèèjì kọjá. Ìlànà tuntun ti 2022 pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Omi ọṣẹ lórí táìlì ti di ọ̀ranyàn fún púpọ̀ nínú bàtà iṣẹ́, SR nìkan ló kù, fún èyí tó bá tún yege nínú gilísárìnì. Ṣùgbọ́n yíyege ò sọ fún yín bóyá ó yege tipátipá tàbí ó yege tayọ. Nítorí ìyẹn ni HSE ṣe gbé ètò GRIP kalẹ̀, tó ń fún bàtà ní ìràwọ̀ kan sí márùn-ún, èèyàn ló sì ń rìn lórí pákó gíga láti mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “oil resistant” tó wà lábẹ́ bàtà tàn yín. Ohun tó ń wí ni pé òróró ò ní ba ìsàlẹ̀ bàtà náà jẹ́. Kò sọ pé ẹ ò ní yọ̀ lórí òróró.

Ṣé bàtà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n fi dán an wò. Àwọn olùwádìí University of York kó òṣìṣẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, 4,553 jọ, wọ́n fún àwọn kan ní bàtà oníràwọ̀ márùn-ún, àwọn yòókù ń wọ ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ka ìgbà tí ẹsẹ̀ yọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Yíyọ̀ fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tó gba bàtà náà. Ilẹ̀ kan náà, iṣẹ́ kan náà, mọ́ọ̀pù kan náà. Bí ọ̀gá yín bá ní owó ò sí, ẹ mú 37 yẹn lọ bá a.

Bàtà náà kì í pẹ́ títí ayé o. Àwọn ìlà abẹ́ bàtà, gọ́tà ni wọ́n jẹ́ fún omi. Bí gìgísẹ̀ bá ti jẹ tán tó dán, gọ́tà ti dí. Àwọn olùwádìí ní University of Pittsburgh rí i pé bí ibi tó dán náà bá ṣe ń fẹ̀ ni omi ń há síbẹ̀ sí i tí ìdìmú sì ń lọ sílẹ̀. Ẹ mú bátìrì rìmóòtù, ẹ fi ìdí rẹ̀ lé ojú ibi tó jẹ náà. Bí ibi tó dán bá ti tóbi ju ìdí bátìrì lọ, ẹ ra òmíràn.

Ìbéèrè mélòó kan wáyé, mo kọ wọ́n sílẹ̀ níbí pẹ̀lú èsì mi.

Ìyá kan tó ń tún wọ́ọ̀dù ṣe ní àwọn máa ń fún mọ́ọ̀pù gbẹ dáadáa, wọ́n sì ń gbé àmì aláwọ̀ ìyeyè síbẹ̀. Kí ló tún kù? Mo ní, ìyá mi, ẹ ò jẹ̀bi o, àmọ́ lórí ilẹ̀ tó dán, omi tí mọ́ọ̀pù tí ẹ fún dáadáa fi sílẹ̀ ti tó láti mú ẹsẹ̀ yọ̀. Àmì ò gbé nọ́ńbà sókè. Ìdajì ọ̀nà ni kí ẹ nù, kí ẹ jẹ́ kí èèyàn gba ìdajì kejì kọjá, tàbí kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé mọ́ọ̀pù. Ọṣẹ tó bá pọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ sára ike lọ ń fi nǹkan yíyọ̀ sílẹ̀ tí ẹ kì í rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè bóyá bàtà eléyín gbàgìdì tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níta dára fún ìdáná. Kò dára. Oúnjẹ á há sáàárín eyín rẹ̀. Ìlà tóóró tó pọ̀, tó sì súnmọ́ra, ni kí ó wá.

Ẹ̀gbọ́n kan ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Abẹ́òkúta, wọ́n fẹ́ fi táìlì dídán kan náà ṣe pálọ̀, balùwẹ̀ àti ìta tí wọn yóò máa páàkì mọ́tò sí, kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu. Mo bẹ̀ wọ́n. Pálọ̀, ó yá, bí kò bá ti ní omi. Balùwẹ̀, ẹ béèrè fún B ó kéré tán. Ìta, ẹ fi òjò oṣù kẹfà sọ́kàn, ẹ má gba ohun tó bá kéré sí R11, bó bá sì jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mọ́tò á gbà wọlé, ẹ lọ jù bẹ́ẹ̀. Bí ọlọ́jà ò bá mọ ohun tí ẹ ń wí, ẹ ní kó mú páálí wá kí ẹ fúnra yín kà á.

Ọ̀rọ̀ tí mo fi kádìí rẹ̀ nìyí: ẹni tó bá fẹ́ rí ẹ̀rọ náà lè máa bọ̀ níwájú. Mo ti da omi sí ilẹ̀ yàrá yìí kan náà, a ó sì wọ̀n ọ́n pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan rọ́bà ìdí rẹ̀, òróró ọwọ́ lè ba nọ́ńbà jẹ́.